CB750 inú páálí mọ́kànlá: ibo ni mo ti máa rí páàtì, ìwé àti oníṣẹ́?

Ará_Páálí
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi Honda CB750 kan sílẹ̀ fún mi. Kí n má purọ́, kì í ṣe alùpùpù ni mo bá, páálí mọ́kànlá ni, pẹ̀lú férémù kan àti ẹ́ńjìnnì tó ti gan pa. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti tú u, ẹni tó tú u kò sì kọ ohunkóhun sára ohunkóhun. Gbogbo súkúrù àti bóòtù wà nínú agolo ọ̀dà kan ṣoṣo. Táǹkì ti dógùn-ún débi pé tí mo bá mì ín, ó ń dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Mo ti kánjú ra kíìtì kàbúrétọ̀ torí pé wọ́n kọ CB750 sára rẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, idẹ oníhò tí epo ń gbà kọjá, kò wọlé síbi tó yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti ń rí páàtì àwọn alùpùpù Japan àtijọ́ yìí? Ìwé wo ni kí n wá? Èwo ni mo lè fọwọ́ ara mi ṣe, èwo sì ni kí n gbé lọ fún oníṣẹ́?

Sípánà14
Àbúrò, o kú oríire, o sì kú ìfaradà. Kọ́kọ́ pa àpò rẹ dé ná. O ò tíì mọ ohun tó o ní, báwo lo ṣe fẹ́ mọ ohun tó o máa rà? CB750 kì í ṣe ẹyọ kan. Láti 1969 títí dé 1978 ni Honda fi ṣe èyí tó ní camshaft kan (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), lẹ́yìn náà ni oníméjì dé fún ọdún 1979, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ẹni tó ta kíìtì yẹn lè má mọ ìyàtọ̀. Ó sì lè mọ̀ ọ́n kó má bìkítà.

Nu ọrùn férémù, níbi tí hándù ti ń yí. Wàá rí nọ́ńbà tí wọ́n lù mọ́ irin. Òmíràn wà lára ilé kíráńkì. Kọ wọ́n síbí, ṣùgbọ́n fi àwọn nọ́ńbà ìparí pamọ́. Tí méjèèjì ò bá dọ́gba, má jẹ́ kó já ọ láyà, Honda ayé ìgbà yẹn kì í dọ́gba. Yamaha ló máa ń lu nọ́ńbà kan náà sí férémù àti ẹ́ńjìnnì.

Ará_Páálí
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nù ún. Férémù: CB750-20xxxxx. Ẹ́ńjìnnì: CB750E-22xxxxx.

Sípánà14
Ó dáa tí mo béèrè. Férémù rẹ K2 ni, ti 1972. Ẹ́ńjìnnì rẹ K3 ni, èyí tó tẹ̀ lé K2; bí Honda ṣe ń ka àtúnṣe CB750 nìyẹn. Ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rí. Kò burú, wọ́n á wọ ara wọn. Àmọ́ láti òní lọ, tí o bá ń wá ohun inú ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni kó o fi wá a. Tí o bá ń wá ohun tó so mọ́ férémù, nọ́ńbà férémù ni. Bí o bá ń sọ fún ẹni tó ń tajà pé "alùpùpù mi, ti 1972 ni", gásíkẹ̀ẹ̀tì tí kò bá tìrẹ mu lè dé.

Ní ti ìwé, kì í ṣe ìwé àtúnṣe lo máa kọ́kọ́ wá. Ìwé àtòjọ páàtì ni, èyí tí wọ́n ya gbogbo ẹ̀yà sí ní títú palẹ̀, tí nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó tú alùpùpù yìí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún ọ, àwòrán yẹn ló máa bá ọ sọ̀rọ̀. Gbé páálí kan sílẹ̀, ṣí ojú ewé kan, máa fi ohun tó o rí wé ohun tí wọ́n yà. Ohun tó o bá dá mọ̀, fi sínú ọ̀rá, kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i lára. Ó máa gbà ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí o bá ṣe tán, wàá mọ ohun tó sọnù, ìyẹn gan-an sì ni àtòjọ ohun tó o máa rà.

Kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà yẹn. Ti Honda pín sí mẹ́ta. Wo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 16100-300: 16100 ń sọ pé odidi kàbúrétọ̀ ni, 300 ń sọ pé CB750 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Mẹ́ta tó bá kẹ́yìn ń sọ àtúnṣe tó ti dé bá a tàbí àwọ̀ rẹ̀. 323 ni CB500 Four. 377 ni CB400F. Nítorí náà, tí o bá rí 323 nínú ìwé CB750, kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé. Honda kì í ṣe ẹ̀yà tuntun tí ti àtijọ́ bá ṣì wúlò. Àǹfààní rẹ nìyẹn: ohun tí ẹnì kan ń tà ní owó gọbọi lábẹ́ orúkọ CB750, ẹlòmíràn ń tà á ní owó pọ́ọ́kú lábẹ́ orúkọ alùpùpù kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í wá. Nọ́ńbà ni kó o máa wá, má wá orúkọ.

Àbẹ̀kẹ́_RD
Kí n fi ti àwọn yòókù kún un, torí ọ̀pọ̀ ló máa ka ọ̀rọ̀ yìí tí kì í ṣe Honda ni wọ́n ní.

Yamaha yí i padà: àmì alùpùpù ló ṣáájú, irú ẹ̀yà ló tẹ̀ lé e. 360 ni RD350 mi. XS650, wàá rí 256 lára ti àkọ́kọ́ àti 447 lára èyí tó tẹ̀ lé e. Suzuki jẹ́ márùn-ún àti márùn-ún, méjì tó bẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì ló ń sọ alùpùpù: 31 ni GT750, 33 ni GT380, 34 ni GT550. Kawasaki nìkan ló ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Apá àkọ́kọ́ nọ́ńbà wọn ń sọ irú ẹ̀yà, apá kejì ò sọ alùpùpù kankan fún ọ. Tí o bá ní Z1 tàbí H2, àfi kó o ṣí ìwé ẹ.

Ohun mìíràn: nọ́ńbà máa ń yí padà. Tí ilé iṣẹ́ bá sọ pé nọ́ńbà kan ti parí, béèrè bóyá nọ́ńbà tuntun ti rọ́pò rẹ̀. Odidi oṣù mẹ́jọ ni mo fi wá ọ́ìlì síìlì kan tó wà lórí àtẹ ní gbogbo àkókò yẹn, nọ́ńbà mìíràn ló ń jẹ́.

Ará_Páálí
Ojú mi ti là. Ìwé àtúnṣe ńkọ́? Mo rí ti Haynes àti ti Clymer, àwọn òǹtẹ̀wé tí kì í ṣe Honda, mo sì rí èyí tí Honda fúnra wọn ṣe. Ṣé kí n ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni?

Alákọsílẹ̀
Ti Honda. Ìyókù, ìtàn ni.

Àbẹ̀kẹ́_RD
Ọ̀gá Alákọsílẹ̀, ẹ tún ti dé. Ìwé ilé iṣẹ́, mẹkáníìkì tó ti gba ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ó máa ní "yọ kúlọ́ọ̀ṣì", ó parí. Irinṣẹ́ àkànṣe wo ni wọ́n fi ń yọ ọ́? Ó ro pé o ti ní in lórí ògiri. Haynes tú alùpùpù gidi, wọ́n sì ya fọ́tò bí ọwọ́ ṣe ń wọlé tó ń jáde. Ẹni tí kò tíì tú ẹ́ńjìnnì rí nílò ìyẹn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Alákọsílẹ̀
Mo gbà fún un, fọ́tò wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá kan òǹkà, ti ilé iṣẹ́ ni mo gbà gbọ́. Síbẹ̀, tí òǹkà bá yà mí lẹ́nu, mo máa ń wo ìwé kejì kí n tó fún bóòtù. Àṣìṣe ìtẹ̀wé pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ará_Páálí, ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ìwé ayé ìgbà yẹn máa ń fi kg-m tàbí kg-cm sọ bí a ṣe ń fún bóòtù mọ́ tó. kg-m kan jẹ́ Nm 9.8. Tí sípánà onídíwọ̀n rẹ bá jẹ́ ti Nm, ṣe ìṣirò náà lórí ìwé kí ọwọ́ rẹ tó kan irin. Mo mọ ẹni tó ka 200 kg-cm bí ẹni pé 200 Nm ni. Ilé kíráńkì ló fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èkejì, ìwé Honda máa ń sọ̀rọ̀ alùpùpù àkọ́kọ́ níwájú, ó wá kó àwọn àyípadà ọdún tó tẹ̀ lé e sẹ́yìn. Tìrẹ K2 àti K3 ni. Ẹ̀yìn ìwé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

OníKeihin
Mo ti ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa padà sórí kíìtì yẹn.

Má jù ú nù, ṣùgbọ́n má fi idẹ inú rẹ̀ kankan sínú kàbúrétọ̀ rẹ. Keihin mẹ́rin ló wà lára CB750 rẹ, ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 28. Idẹ tó ti wà nínú wọn láti ilé iṣẹ́, àwọn tó gbẹ́ ihò rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ti kíìtì, ihò lè tóbi jù bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ, abẹ́rẹ́ lè má tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe yẹ. Wàá wá ní kàbúrétọ̀ tó ń dán gbinrin tó sì ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ pa, púlọ́ọ̀gì á dúdú, wàá máa wá àìsàn náà kiri inú wáyà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé alùpùpù àtijọ́ ò ṣeé tún ṣe, kíìtì ló fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

Ohun tó o máa ṣe nìyí. Tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, má tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí o lè ní èyí tó o máa fi wò. Yọ gbogbo rọ́bà kúrò kó o tó fi sínú oògùn ìfọ̀. Gbé jẹ́ẹ̀tì sókè sí ìmọ́lẹ̀: o gbọ́dọ̀ rí ihò rogodo. Tí kò bá mọ́, tún rì í, má fi wáyà irin há a, má sì fi dírílì sún mọ́ ọn. Rọ́bà nìkan ni kó o pààrọ̀. Wọn òrùka rọ́bà kọ̀ọ̀kan, ra èyí tí epo kì í jẹ, nitrile tàbí Viton. Àwọn tó ń ta síìlì máa ní in bí o bá mọ ìwọ̀n rẹ̀. Tí jẹ́ẹ̀tì kan bá bàjẹ́ pátápátá, wá Keihin gidi, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ọ́ ní Mikuni tó ní òǹkà kan náà. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà ka jẹ́ẹ̀tì kò dọ́gba.

Ará_Páálí
Ẹ ṣé gan-an. Ìṣòro mìíràn ti dé. Mo fẹ́ ṣí ìdérí kúlọ́ọ̀ṣì, súkúrù mẹ́rin ti fá lórí. Sùkùdìráfà tuntun ni mo lò o, kì í ṣe àlòkù.

Mẹ́ta_Sílíńdà
Kú àfọwọ́fà. Gbogbo wa la ti ṣe é.

Sípánà14
Sùkùdìráfà Phillips lo lò. Súkúrù ilẹ̀ Japan jọ ọ́, ṣùgbọ́n JIS ni, ìlànà tiwọn. Phillips kì í jókòó dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí o bá ti fún un lágbára, ó máa gùn jáde, ó sì máa fá orí rẹ̀ lọ. Wo àwọn súkúrù rẹ, wàá rí àmì róbótó bíńtín kan lórí ọ̀pọ̀ wọn, àmì JIS nìyẹn. Ra sùkùdìráfà JIS. Vessel tó ń ṣe wọn ní Japan dáa. Ra èyí tí wọ́n ń fi òòlù lù tó ń yí pẹ̀lú. Kó o tó yí i, lu orí súkúrù náà lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kí ìpẹtà tó dì í mú lè já. Fún mẹ́rin tó ti fá, dírílì gé orí wọn kúrò, ìdérí á jáde, wàá wá fi púláyà yí ìyókù tó yọrí. Ó sábà máa ń jáde wọ́ọ́rọ́, torí orí rẹ̀ ló dì í mú tẹ́lẹ̀.

Ará_Páálí
Mẹ́ta ti jáde! Ó ku ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ ibi tí ẹ ti ń rà fún mi, mo ti ní àtòjọ báyìí.

Sípánà14
Honda fúnra wọn ni kó o kọ́kọ́ bi. Ẹnu máa yà ọ́ sí ohun tí wọ́n ṣì ń ṣe, ní pàtàkì gásíkẹ̀ẹ̀tì, síìlì àti òrùka. Lẹ́yìn náà, CMSNL ní Netherlands: àwòrán páàtì wọn nìkan tó láti fi mọ nǹkan, kódà tí o kò bá ra ohunkóhun. David Silver Spares ní England, Honda ni iṣẹ́ wọn. Z1 Enterprises ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Kawasaki, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ti àwọn yòókù. Ohun tí wọn ò bá ní, Yahoo! Auctions ti Japan ló kù. Wọn kì í sábà fi ránṣẹ́ síta, torí náà aṣojú bíi Buyee tàbí ZenMarket ló máa bá ọ rà á. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti wúlò jù: o ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n 300 ni 300 ń jẹ́ níbi gbogbo. Ka fọ́tò dáadáa. Ohun tí wọn ò bá ya, ó ní ìdí tí wọn ò fi yà á.

Bẹ́árìn, má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ta páàtì alùpùpù rárá. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀. 6203, bí àpẹẹrẹ, jẹ́ mílímítà 17 nínú, 40 lóde, 12 ní fífẹ̀, ní gbogbo ayé. Síìlì náà, ìwọ̀n mẹ́ta yẹn kan náà ni.

Àbẹ̀kẹ́_RD
Wàá rí ohun tí wọ́n ń pè ní "tuntun, kò kúrò nínú ọ̀rá láti 1974". Tó bá jẹ́ irin, rà á, yọ̀. Tó bá jẹ́ rọ́bà, sá. Rọ́bà ń darúgbó nínú ọ̀rá bó ṣe ń darúgbó lójú pópó. Mo ra rọ́bà bíréèkì ojúlówó kan, òǹtẹ̀ Yamaha wà lára rẹ̀, ó rẹwà, ó sì dà bí páálí. Ọjọ́ kẹta ló ti ń jò. Tó bá kan bíréèkì, tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, kódà kó má jẹ́ ti ilé iṣẹ́ náà.

OníKeihin
Mo fọwọ́ sí i. Fi rọ́bà tó so kàbúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì kún un. Tó bá ti le, afẹ́fẹ́ á máa wọlé níbẹ̀, ìpolówó "ojúlówó" ò ní dí i.

Mẹ́ta_Sílíńdà
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oníṣẹ́, torí ibẹ̀ ni mo ti jẹ gbèsè.

Kawasaki H1 ni mo ní, sílíńdà mẹ́ta, two-stroke. Kíráńkì rẹ̀ kì í ṣe ìrọ ẹyọ kan, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni, àwọn apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbọ́dọ̀ wà ní digirí 120 síra wọn. Mo fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ní àwọn mọ kíráńkì. Wọ́n fi síìlì tuntun sí i, wọ́n kùn ún ní ọ́ìlì, wọ́n fi ọ̀rá wé e bí ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Ẹ́ńjìnnì gbọ̀n débi pé dígí ẹ̀gbẹ́ ń tú. Nígbà tí mo tú u padà, sílíńdà kan ti yà kúrò ní ipò rẹ̀. Wọ́n ti mọ kíráńkì ọkọ̀, wọn ò mọ ti alùpùpù mi. Láti ìgbà náà, kí n tó fi nǹkan ránṣẹ́, mo máa ń béèrè: mélòó nínú irú èyí gan-an lẹ ti ṣe? Kí lẹ máa wọ̀n kẹ́ ẹ tó dá a padà? Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa dáhùn kó o tó béèrè tán. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè, gbé kíráńkì rẹ, máa lọ.

Ará_Páálí, kíráńkì CB750 tìrẹ, ìrọ ẹyọ kan ni, orí bẹ́árìn pẹlẹbẹ ló ti ń yí. O ti bọ́ nínú wàhálà yẹn.

Sípánà14
Àmọ́ kò bọ́ nínú ti sílíńdà. Àbúrò, ẹnu sílíńdà rẹ ní ilé iṣẹ́ jẹ́ mílímítà 61. Písítìnì tó fi mílímítà 0.25, 0.50, 0.75 àti 1.00 tóbi jù bẹ́ẹ̀ wà. Má jẹ́ kí tọ́nà, oníṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, gbẹ́ ẹ kí písítìnì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa fi písítìnì wọ̀n ọ́n, kò ní fi nọ́ńbà ara páálí wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ sí 0.50 tó wá rí i pé 0.75 nìkan ló kù lọ́jà, ìgbẹ́ kejì nìyẹn.

Tí wọ́n bá fẹ́ fọ ilé kíráńkì fún ọ pẹ̀lú omi àti ìlẹ̀kẹ̀ dígí, ó rẹwà gan-an, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ yẹn máa ń sá pamọ́ sínú ọ̀nà ọ́ìlì. Ẹyọ díẹ̀ tó bá kù síbẹ̀ máa jẹ bẹ́árìn tuntun rẹ. Tú gbogbo púlọ́ọ̀gì ọ̀nà ọ́ìlì, fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ gba ibẹ̀, fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, tún un ṣe. Má gbàgbé pé táǹkì ọ́ìlì rẹ dá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kò sí nínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Ìdọ̀tí ogún ọdún wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló fọ ẹ́ńjìnnì tán tí wọ́n tún da ìdọ̀tí yẹn padà sínú rẹ̀.

Bóòtù tó o bá fẹ́ kó fún ẹni tó ń fi zinc bò irin: to gbogbo wọn sórí páálí, ya fọ́tò, ka iye wọn, fi wáyà so wọ́n pọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n máa jí i. Inú báfù ni wọ́n máa ń sọnù sí.

Ará_Páálí
Mo ti wà níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe sí ẹ́ńjìnnì tó gan kó tó di ti tọ́nà? Mo ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ kíkì rẹ̀ tagbáratagbára.

Alákọsílẹ̀
Má ṣe bẹ́ẹ̀! Wàá fọ́ jíà kíkì.

Mẹ́ta_Sílíńdà
Yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Po ọ́ìlì ATF (ti jíà ọkọ̀ tó ń yí fúnra rẹ̀) mọ́ acetone, ìdajì sí ìdajì, da díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, jìnnà sí iná. Fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, fi kún un. Fi sípánà mú nọ́ọ̀tì tó wà ní etí kíráńkì, gbìyànjú rẹ̀ díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn. Tí kò bá mì, lọ to páálí rẹ, padà wá lọ́la.

Àbẹ̀kẹ́_RD
Bó o bá ń dúró, ṣe táǹkì. Omi, sódà ìfọṣọ, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, àti ọ̀pá irin lásán tó wọ inú rẹ̀ láìfara kan táǹkì. Okùn tó ń fa iná kúrò, èyí tó jẹ́ òdì, ló máa lọ sára táǹkì. Ọ̀pá irin ló máa gba òdìkejì. Má lo irin tí kì í dógùn-ún o, májèlé ló máa sọ omi náà dà. Gáàsì tó ń jáde ń gbaná, ìta ni kó o ti ṣe é. Tó bá mọ́, gbẹ ẹ́ kíá, kó o sì da ọ́ìlì díẹ̀ yí inú rẹ̀ ká, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìpẹtà á padà kó o tó jí.

Ará_Páálí
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ẹ̀yin àgbà, ó mì! Ọjọ́ kẹsàn-án ni, ó ṣe bí ẹni mí, ó sì yí. Mo ti wọn sílíńdà: mẹ́ta wà dáadáa, ìkẹrin ní ojú ọgbẹ́ tí èékánná mi ń kọ́. Mo ti rí písítìnì 0.50 mẹ́rin pẹ̀lú ríìngì wọn, wọ́n ń bọ̀ lọ́nà, tọ́nà ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Páálí ti di mẹ́sàn-án. Nínú agolo ọ̀dà yẹn ni mo ti rí súkúrù mọ́kànlélógójì tí kì í ṣe ti alùpùpù rárá, mo gbà pé ti àpótí aṣọ ni díẹ̀ nínú wọn.

Kàbúrétọ̀ mẹ́ta ti tú. Ìkẹrin, ìdérí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn, súkúrù ti jáde ṣùgbọ́n kò fẹ́ kúrò. Ṣé kí n fi òòlù kàn án díẹ̀?

OníKeihin
Fi òòlù sílẹ̀. Omi gbígbóná, kì í ṣe èyí tó ń hó o, rì í fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn ọwọ́ sùkùdìráfà tó jẹ́ rọ́bà, gbá a jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, yí i ká. Tí o bá gbọ́ "pó", ó ti ṣí.

Ará_Páálí
Pó.